Yanrìn Dúdú

Ẹ̀yìn ìwé owó iná la kọ ọ́ sí,
nítorí àwọn ọmọ ti ya ológbò kún ìwé àkọsílẹ̀.
Tsiala, ìyá ọkọ mi, ló ń pè é, èmi ni mò ń kọ:
ọkọ̀ láti Chiatura dé Zestaponi,
rélùwéè láti ibẹ̀ títí dé etí òkun,
yàrá kan lọ́dọ̀ Guliko, tí yóò bá wa dín owó kù
bí a bá gbé wàràkàṣì òkè wa lọ́wọ́.
Mo kọ ọjọ́ mẹ́wàá.
Mo tú agolo kọfí sórí tábìlì, mo ka owó inú rẹ̀,
mo pa mẹ́wàá rẹ́, mo kọ mẹ́fà.
Dachi béèrè bóyá àbùùbùtán wà níbẹ̀.
Teona ní kò sí. Ó bú sẹ́kún.
Mo tún owó kà. Ọjọ́ márùn-ún.

Gocha wọlé.
Ó ti wẹ̀ níbi ìwakùsà, ṣùgbọ́n dúdú ibẹ̀ kì í tán,
ó wà létí ìpéǹpéjú rẹ̀ bí tìróò tí kò bẹ ẹnikẹ́ni lé.
Ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kà á bí ìwé ìpẹ̀jọ́.
"Kí ló dé tó fi jẹ́ Ureki? Batumi ńkọ́,
níbi tí iná ti ń tàn mọ́jú?"
"Yanrìn Ureki ni dókítà ní kí Mama fi bo orúnkún."
"Yanrìn dúdú un?"
"Yanrìn dúdú."
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú.
"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jẹ dúdú.
Mò ń fọn ọ́n jáde nímú, mò ń tu ú dà nù,
ẹ wá fẹ́ kí n fowó ara mi sanwó
kí n lọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Fíríìjì ń kùn.
Lójú fèrèsé, ọkọ̀ orí okùn ń kó àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ gòkè,
àpótí irin kékeré kan, ó ń mì lókè àfonífojì.
Okùn yẹn ni okun ọkọ mi ń bá lọ láràárọ̀,
díẹ̀ ló ń bá a bọ̀ nírọ̀lẹ́.
Òkun ni mo fẹ́ bi bóyá ó mọ ibi tí ìyókù wọlé sí.
Mi ò sọ ọ́. Mò ń fi ìka gbá owó ẹyọ jọ.

Tsiala bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.
"Mo dé Ureki rí, nígbà tí bàbá rẹ wà láyé.
Ilé iṣẹ́ ló rán wa lọ, ọ̀fẹ́ ni,
ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń bù fún wa lójoojúmọ́.
Ohun tí o sọ yìí gan-an lòun náà sọ.
Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wọ bàtà rìn lórí yanrìn.
Lọ́jọ́ kẹta mo yá ṣọ́bìrì ọmọ ọlọ́mọ, mo bò ó dé ọrùn,
ó sùn.
Gocha, mi ò rí i kó sùn báyẹn rí.
Kò wúkọ́.
Dúdú tibí tutù. Tọ̀hún, oòrùn ti yan án, omi ti fọ̀ ọ́,
kì í wọnú ẹni.
Bí o bá dìde, o gbọ̀n ọ́n dà nù, ó parí."

Gocha kò ní òun gbà.
Ó lọ síbi kóòtù rẹ̀, ó mú àpò ìwé kan bọ̀
tí mi ò mọ̀ pé ó wà:
owó eyín tó ń dà á láàmú láti ìgbà òtútù.
Ó gbé e lé orí ẹyọ owó mi. Ó pa márùn-ún rẹ́.
"Méje," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò ní dùbúlẹ̀ o."
Teona ti gba bírò,
nísàlẹ̀ ìwé, lẹ́yìn fìlà, lẹ́yìn aṣọ ìnura mẹ́ta:
*ṣọ́bìrì. Kì í ṣe ti ọmọdé.*

A gbé oúnjẹ kalẹ̀.
Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
bàbá wọn ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan jẹ búrẹ́dì.