Lẹ́tà Inú Kùrukùru

Ọjọ́ kẹta rèé tí Þiðrik ti ń kọ lẹ́tà yìí,
tó ń gbé ikùn rẹ̀ sẹ́yìn.
Òpó gbọọrọ kan, ikùn roboto níwájú: Þ.
Mo ní, "Aboyún nìyí. O ti sọ ọ́ di abuké."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín,
àlàfo eyín méjì tó ká hàn gbangba.

Àlàfo ọ̀hún ló jẹ́ kí ìró náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ:
ahọ́n yọjú díẹ̀, atẹ́gùn jáde fẹ́ẹ́,
bíi kẹ́tùlù tó kù díẹ̀ kó hó.
Ẹnu ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ni kò tíì gbọ́.

Þoka là ń pe kùrukùru ní Áísílándì níbí,
òun ló bo èbúté mọ́lẹ̀ láti àárọ̀.
Ọkọ̀ apẹja mẹ́rin ò tíì wọlé.
Bàbá Þiðrik wà nínú ọ̀kan.
Mi ò dárúkọ ọkọ̀.
Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà náà kún ìlà mẹ́wàá.

Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀,
ó lọ bá fèrèsé tí èémí wa ti bò.
Ó fi ìka fa òpó láti òkè wá sísàlẹ̀,
ó dúró,
ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì,
ó wá gbé ikùn sí ọ̀tún.
Omi ń ṣàn nídìí lẹ́tà.
Ó fi ojú kan ti ikùn náà.

"Tíṣà, mo rí iná."

Iná ni lóòótọ́. Ẹyọ kan.
Gbogbo wa rọ́ lọ sídìí fèrèsé,
à ń wá mẹ́ta tó kù.