Mẹ́sàn-án Tàbí Mẹ́wàá

Dúrọ́ọ̀ kẹtàdínlógún ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́
ní yàrá òkè ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré wa ní Telavi.
Kòkòrò inú rẹ̀ ju igba lọ,
pupa rúsúrúsú bí èèpo àlùbọ́sà,
irun wẹ́wẹ́ láyà, pínnì ní èjìká ọ̀tún,
tákàdá lábẹ́ oníkálukú,
ìkọ̀wé Natela, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà:
Amfimálọ̀n. Amfimálọ̀n. Amfimálọ̀n.

Ọ̀gá Besarioni ní, "Lamara, tún wọn wò.
Àwọn ará Tibilisi ń sọ pé Risotírọ́gù wà nínú wọn."

Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n?
Ìbátan yímíyímí ni àwọn méjèèjì,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í yí ìgbẹ́ kiri.
Ìdin wọn funfun, ó ká bí ìkọ́,
inú ilẹ̀ kan náà ló ń gbé, gbòǹgbò kan náà ló ń jẹ.
Àwọ̀ ò yà wọ́n. Gígùn ò yà wọ́n.
Irun ẹ̀yìn? Ó ń re bí ọjọ́ bá ti ń lọ.
Baduri tó loko àjàrà lẹ́bàá odò Alasani
kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́: "Olè lolè ń jẹ́," ló wí,
ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní kí n wá bá òun mu wáìnì.

Orí ni ká wò. Níwájú ojú,
ìwo kékeré kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
tí ìparí rẹ̀ là sí abala mẹ́ta bí ìwé tí a ṣí.
Láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ ka oríkèé rẹ̀:
bó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, Amfimálọ̀n;
bó bá jẹ́ mẹ́wàá, Risotírọ́gù.
Ó parí. Ẹyọ oríkèé kan
tí kò tó hóró iyọ̀ ló pààlà láàárín ilé méjì.

Wọ́n ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun rẹ̀.
Mo fi sùúrù. Mo fi ojú. Mo fi ọrùn tó ń ro mí.
Oṣù kẹta wọlé, yìnyín yọ́ lórí òrùlé,
mo ń kà: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án,
èyí tí ìwo rẹ̀ ti ṣẹ́, mo yà á sọ́tọ̀,
mẹ́sàn-án,
mẹ́wàá.

Mo dìde. Mo lọ po tíì. Mo padà wá kà á.
Mẹ́wàá.
Natela tí kì í ṣàṣìṣe,
tó máa ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì níwájú oníbúrẹ́dì,
tó ní imú nìkan ni mo fi jọ ìyá mi.
Mo rí mọ́kànlá bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn láti ọdún tó kẹ́yìn,
ọdún tó ń fi ọwọ́ táràrà wá ife lórí tábìlì.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú òun ti ń ṣú.

Mo kọ tákàdá tuntun, n kò ya tirẹ̀ dànù:
mo fi í sí ìsàlẹ̀, kí pínnì kan náà gún méjèèjì.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló dá mi dúró.
Ìwo òsì, mẹ́sàn-án. Mo yí i sọ́tùn-ún: mẹ́wàá.
Mo nu awò. Mẹ́wàá.
Àbí oríkèé méjì ló lẹ̀ pọ̀ lósì
nígbà tó ṣì sùn sábẹ́ ilẹ̀?
Mo yẹ tákàdá wò. Natela ò kọ orúkọ kankan síbẹ̀,
oṣù kẹfà nìkan, ọdún tí wọ́n bí mi,
àti "lábẹ́ igi àsálà, ìrọ̀lẹ́, ó ń fò."

Ó ti kà á, nígbà náà.
Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dá a padà sí igun tó fi í sí,
mo pa àtùpà.
Èmi náà ò kọ nǹkan kan.