Ta Ni O Wá Rí?

Òpó irin kan dábùú òpópónà Kàmẹ́líà,
wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n kùn ún ní funfun.
Lọ́dún tó kọjá, kò sí níbẹ̀.
Àwọn onílé ló dáwó jọ,
wọ́n ní olè pọ̀ ní Johánẹ́sbọ̀ọ̀gì.
Irọ́ kọ́. Olè pọ̀.
Wọ́n jí ọkọ̀ Dókítà Fẹrérà tòun tajá tó sùn nínú rẹ̀.

Tshilidzi lorúkọ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà;
bàtà tí ilé iṣẹ́ fún un fi ìka méjì ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.
Ó na ìwé sí mi, ó na bírò
tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́:
Orúkọ. Ilé tí ò ń lọ. Ta ni o wá rí? Aago mélòó?
"Màmá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

N kò bínú.
Mo ti mọ irú ìwé yìí kí ìyá Tshilidzi tó mọ ọkọ.
Nígbà ìjọba aláwọ̀ funfun, àárín ọmú ni mo ń fi ìwé ìrìnnà sí,
òógùn pa orúkọ mi rẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́gi lé òfin yẹn, mo dáná sun tèmi lẹ́yìn ilé,
mo fi eérú rẹ̀ fọ ìkòkò.
Ìkòkò náà dán.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Ọlọ́pàá náà dúró.
Ojú mi ló ṣe: ọkọ̀ wọn dé, ẹ̀rọ ń ké lórí rẹ̀,
sájẹ́ńtì sọ gíláàsì kalẹ̀, ó gba bírò,
ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé tí kì í ṣe tìjọba.
Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ẹ̀rín yẹn ti korò báyìí, nítorí Lehlohonolo, ọmọ ọmọ mi,
tó ń kọ́ ọmọ Fẹrérà ní ìṣirò lálẹ́ Ọjọ́rú.
Ó jáde láago mẹ́jọ. Ẹlòmíì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tòun tìbọn.
Ó ní aago tí ọmọ náà kọ kò bá ojú rẹ̀ mu.
Ó ní kó jókòó sórí òkúta etí títì.
Wákàtí méjì.
Òjò pa á. Ìwé ìṣirò rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá: "Àwọn yẹn kì í ṣe tiwa."
Mo lọ sí ilé iṣẹ́ wọn; obìnrin kan ń fi èékánná lu tábìlì:
"A ò mú un, màmá. A ní kó dúró ni."
Mo ní, ta wá ni ì bá sọ fún un pé kó dìde?
Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Tshilidzi ń gbìyànjú. Bí mo bá ti ń kọ̀wé,
a wo ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ká ìyá rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń wẹ̀.

Láàárọ̀ òní, mo kọ Dikeledi gàdàgbà.
Níbi ilé tí ò ń lọ, mo kọ: títì.
Níbi ta ni o wá rí, mo gbójú sókè, mo kọ:
igi jakaráńdà ọwọ́ òsì. Ó ti tanná.

Tshilidzi kà á. Ó tún un kà.
Kò fagi lé e.
Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀,
ó kọ ọ́ síwájú igi náà, mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ó wá gbé irin.