Kí O Tó Tan Iná Sí I

Malkhaz, gbé ọwọ́ kúrò lára wáyà yẹn ná.
Jókòó. Tíì rẹ rèé, ó ṣì gbóná.
Yìnyín ti dí ọ̀nà òkè Ràchà láti àná,
ọkọ̀ kankan ò ní gòkè wá bá wa títí Ọjọ́bọ̀,
ṣíìpù mẹ́ta péré ló sì kù nínú agolo bọ́tìnnì mi.
Owó ẹyọ kan kò tó ra búrẹ́dì, mo mọ̀,
àmọ́ bí o bá jó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí,
kí la ó fi mọ̀ bóyá oyin wa ṣì ń mí?

O fẹ́ kó máa wọn ìwúwo àpótí oyin,
kó máa wọn ooru, kó máa gbọ́ ìró wọn,
kó tún máa jẹ́ iṣẹ́ fún ọ lórí fóònù ní Kutaisi.
Ó dáa.
Tan iná pupa kékeré yìí ná.
Kó ṣẹ́jú. Kó tún ṣẹ́jú.
Èyí tí kò lè ṣẹ́jú, ṣé òun ló máa ka ìwọ̀n?

Nílé iṣẹ́ aago tí mo ti ṣiṣẹ́ léwe,
ọ̀gá wa Lamara a máa wí pé,
ẹni tó yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà
kò ní mọ èyí tó bà á jẹ́,
kò sì ní mọ èyí tó tún un ṣe.
Ìkà ni mo pè é nígbà náà.
Èmi náà ti wá di ìkà báyìí.

Kápásítọ̀ rèé, kò ju hóró ọkà bàbà lọ.
Fi léèdì jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣíìpù gan-an,
má gbé e jìnnà, má sọ pé àyè ò sí.
Rédíò yẹn, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀,
gbàmù ló ń gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo;
bí kèrègbè kékeré yìí kò bá sí nítòsí,
òùngbẹ á gbẹ ṣíìpù, á dákú,
á jí, á tún dákú,
ìwọ á sì máa bú kóòdù tí kò ṣẹ̀ ọ́.
Òru mẹ́rin ni mo fi bú tèmi.

Bátìrì yìí ló máa gbé wa dé oṣù Kẹta.
Nítorí náà, kọ́ ọ ní oorun sísùn.
Kó jí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, kó wò, kó sọ̀rọ̀ ṣókí,
kó padà sùn.
Bí oyin ti ń ṣe nìyẹn nígbà òtútù,
wọ́n á kó ara wọn jọ, wọn ò ní ná agbára.
Tí iná pupa bá sì ti ṣẹ́jú fún ọ tán, yọ ọ́ kúrò.
Bàbá àgbà rẹ fi í sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ó ní ó ń bá òun ṣeré lóru.
Bátìrì kú lọ́jọ́ kọkànlá.
Otari náà tẹ̀ lé e, kí yìnyín tó yọ́.

Na wáyà yẹn sí mi. Rárá, dúdú.
Dúdú fún ilẹ̀, pupa fún iná,
má jẹ́ kí n rí i pé o fi funfun méjì ṣe é.
Kọ orúkọ sí wọn lára.
Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lónìí á gbàgbé rẹ̀ lóṣù mẹ́fà.

Mítà dà?
Kí o tó tan iná sí i, wọ̀n ọ́n.
Fólìtì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ̀fun rẹ̀ lè gbé mì,
márùn-ún ló wà nínú kébù ọwọ́ rẹ yẹn.
Ṣé o rí i?
Mu tíì rẹ.

*

A gbé e jáde nírọ̀lẹ́,
èmi mú tọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà mú ọ̀pá.
Àpótí kìíní: kílò mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìkejì: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ìkẹta: òdo.
Àyà mi já.
Kò tilẹ̀ wo fóònù tí mo nà sí i.
Ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé pákó,
ó pẹ́ níbẹ̀
títí yìnyín fi funfun lórí ìbòrí rẹ̀.

"Wọ́n wà," ló wí. "Wáyà rẹ ló já."
Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò nínú òkùnkùn.
"Funfun méjì, Malkhaz."