Lábẹ́ Ọ̀ṣọ̀rọ̀

Oṣù keje. Ilé-ìwé palẹ̀ mọ́.
Mo gbọn ẹfun dànù lọ́wọ́, mo di àpótí kan,
mo ní lọ́dún yìí, n kò ní lo ìsinmi mi ní Kétu
níbi tí erùpẹ̀ pupa ti ń wọlé láì kágò.
Mo fẹ́ lọ gbé lórí omi,
oṣù mẹ́ta péré, kí n máa jí gbọ́ ọ
bó ṣe ń lá ẹsẹ̀ ilé.

Àbíọ́nà ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́:
“Ìwọ tí o kò mọ̀wẹ̀, ṣé ẹja ló fẹ́ gbà ọ́ lálejò?”

Ọmọ kànga jíjìn ni mí.
Okùn tí ìyá mi fi ń fa omi gùn ju oríkì wa lọ.
A ó bọ́jú, a ó fi ìyẹn fọ ẹsẹ̀,
a ó da ìyókù sídìí ọsàn.

Ní Àjàṣẹ́, Mùfútáù gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀,
ọ̀pá ló fi ń tì í, kò ní àjẹ̀.
“Ilé wo?”
Mo ní n kò tíì mọ̀.
Ó wò mí bí ẹni tó wọ ọjà tó gbàgbé ohun tó fẹ́ rà.

Ti Mùsé Ògùsítì la kọ́kọ́ dé:
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fáànù lájà,
fèrèsé gíláàsì tó mú ọ̀sà bí àwòrán ara ògiri.
Ọ̀kẹ́ méjì sẹ́fà lóṣù, kò sí ẹ̀dínwó.
Mo ṣí fèrèsé kí n gbọ́ omi,
jẹnẹrétọ̀ ló dá mi lóhùn.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ike omi rírà tò kan àjà.
“Màdáámù, ti ìta yẹn, wíwò ni. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀.”

N kò mọ̀. Ní ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
mo ṣì rò pé ibi tí omi bá pọ̀ sí, òùngbẹ kì í débẹ̀.

Ilé kejì ní bẹ́ẹ̀dì, kò ní ilẹ̀kùn.

Ìkẹta dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí lékeléke tó ń ṣọ́ ẹja.
Àlàfo wà láàárín pákó ilẹ̀ rẹ̀;
yẹtí mi kan já bọ́, mo gbọ́ “tó” nísàlẹ̀, ó parí.
Ìyá Nàfísátù ní, “Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Omi ti gbà á.”
Òrùlé ń jò níbi méjì, ó nawọ́ sí méjèèjì.
“Tó bá di oṣù kẹsàn-án, omi á gun àkàsọ̀ wá kí wa.
Kó aṣọ rẹ sókè.”

Mo ti ń sọ pé màá padà wá,
bí a ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí a kò ní padà,
ni mo rí wọn lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀:
ìkòkò dúdú mẹ́rin, wọ́n yanu sójú ọ̀run,
àti páànù kan tí wọ́n fi ọ̀dà lẹ ìdí rẹ̀.
Omi òjò àná. Ewé kan léfòó.

Ìyá mi kì í jẹ́ kí òjò kan ṣòfò.
Lóru, á gbá wa nídìí:
“Ẹ dìde! Ọlọ́run ń da omi nù!”
A ó kó abọ́ jáde títí dé ìdérí ìkòkò,
a ó tò wọ́n bí ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀.

“Ẹ̀yin náà ń gba omi òjò?”
“Kí la ó mu? Èyí tó yí wa ká yìí?”

Mo san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.
Mùfútáù gbé àpótí gun àkàsọ̀,
ó ń kùn pé ìwé wúwo ju gbágùúdá lọ.

Lálẹ́, òjò dé.
N kò dúró dìgbà tí ẹnì kan máa gbá mi nídìí.
Mo gbé abọ́ ìwẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kẹrin,
èmi àti arúgbó náà jọ dúró nínú òkùnkùn;
ọ̀sà ń pariwo nísàlẹ̀ pé òun kún,
àwa dákẹ́, à ń gbọ́ abọ́ kékeré náà
bó ṣe ń yí ohùn padà.