Gẹ̀rẹ́ Dánrúnkúnwò

Gígùn kọ́ ló le.
Ẹni tó ń gun òkè ń rí ọ̀run níwájú,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń kí i kú ìgbìyànjú.
Sísọ̀kalẹ̀ ni kò ní oníyìn,
àfi òkúta,
àfi èékánná tí ń kan imú bàtà.

Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti kúrò ní Ìgbàjà.
A sùn ní Òkè-Ọ̀dẹ lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé,
ẹ̀fọn jẹ wá bí ẹni ń gba owó orí.
Láàárọ̀ a mu ògì láìsí ṣúgà,
a kọrin kan, a gbàdúrà méjì,
a dojú kọ Òrò-Àgọ́.

Báyìí a dúró sí téńté òkè,
gbogbo ẹnu pa rọ́rọ́.
Ilẹ̀ já lójijì bí ọ̀rọ̀ tí a ò parí.
Ìkùukùu jókòó sí àfonífojì lọ́hùn-ún
bí wàrà nínú igbá Fúlàní.
Lékeléke mẹ́jọ ń fò lọ, lábẹ́ wa!
Mi ò rí ẹ̀yìn lékeléke rí láyé mi.
Omi kan ń já lára àpáta lápá òsì,
tẹ́ẹ́rẹ́, funfun,
ó jìnnà débi pé ariwo rẹ̀ ò bá a dé ọ̀dọ̀ wa.
Òrùlé páànù ìlú ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja.

Bàbá Jólayẹmí, amọ̀nà wa, kò wo ìkankan.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, bàtà táyà lẹ́sẹ̀,
ó yí ẹ̀gbẹ́ sí ìsàlẹ̀, ó ń sọ̀ bí akàn.
“Ẹ má wo Òrò-Àgọ́. Òrò-Àgọ́ ò ní í sá.
Ibi tí àtàǹpàkò yín fẹ́ tẹ̀ ni kí ẹ wò.”

Ẹ̀yìn mi ni Àwẹ̀ró wà,
ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyáálé mi nínú agboolé.
Ọdún mẹ́rin tí a ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀
nítorí igi irúgbá kan tó hù sí ààlà oko:
ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọ̀ wa,
gbòǹgbò rẹ̀, ó ní, lọ́dọ̀ wọn.
Láti Ìgbàjà ló ti ń rìn lápá ọ̀tún títì, èmi lápá òsì.
Bí mo bá ń mu omi, yóò dúró
kí n dé ike mi tán kó tó ṣí tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́ ò ní ọ̀tún, kò ní òsì.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ̀nà ibẹ̀ gbà.

Ibi tí òkúta wẹẹrẹ ti ń yí
bí ẹ̀wà tó dà sórí sìmẹ́ńtì,
mo gbọ́ “Yé!” kan,
ọwọ́ rẹ̀ sì bà lé èjìká mi.
Ó wúwo. Ó gbóná.
Òórùn irú wà lára rẹ̀ díẹ̀.
Irú igi wo? Mi ò bèèrè.

Ìkà kékeré tó wà nínú mi ní kí n yẹ̀.
Orúnkún mi ti dáhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán:
ó le, ó dúró.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀, bí afọ́jú àti ọ̀pá rẹ̀,
mi ò sì lè sọ ẹni tí í ṣe ọ̀pá.
Mo ní, “Rọra.”
Ó pẹ́. Òkúta mẹ́fà, méje.
Ó ní, “Gbòǹgbò wà níwájú ẹ.”

Àwa méjèèjì dúró, a ń wo gbòǹgbò.
Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Bàbá Jólayẹmí bojú wẹ̀yìn, ó mi orí,
ó rò pé òùngbẹ ti dé ọpọlọ wa.

Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ń lu rọ́ọ̀mù mọ́tò bí aago,
“Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹsẹ̀!”
omi gbígbóná ti wà nínú báàfù.
Àwẹ̀ró mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.
Kò sọ̀rọ̀ igi. Èmi náà ò sọ ọ́.
Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ yìí
ni orúnkún mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ó rí i.
Ó na ike omi rẹ̀ sí mi, ó ti ṣí i.
Mo mu díẹ̀,
mo ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un.