Ẹgbẹ̀rún Lé Mẹ́sàn-án

Bàbá kú, ó fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ n'Ítọ́kò, lẹ́bàá àpáta kékeré ẹ̀yìnkùlé,
ẹgbẹ̀rún lé mẹ́sàn-án. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì níléeṣẹ́ omi Arákàńgà ló ti ń yọ wọ́n:
Sátidé kan, ogún; Sátidé mìíràn, ẹyọ mẹ́ta péré
tí orúnkún bá kọ̀ jálẹ̀.
Ewédò ti bo àwọn àkọ́yọ.

Àwa méje la jókòó láti pín in.
Ṣíjúadé ní, "Mẹ́rìnlélógóje fún kálukú."
A kó o, a tò ó, òógùn bò wá.
Ó ku ẹyọ kan.
Mórèniké ní òun ni àgbà nínú obìnrin, òun ló ni ín.
Ṣíjúadé ní dáwódù ló ń kó ìyókù.
Títí ilẹ̀ fi ṣú la ń jà
lórí búlọ́ọ̀kù kan tí etí rẹ̀ ti gé.

Wọ́n lọ sùn. Oorun ò kùn mí:
ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò n'Íjẹmọ̀.
Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.
Méjì: ó ku ọ̀kan. Mẹ́ta: ó ku ọ̀kan.
Mẹ́rin ńkọ́? Mi ò dán an wò.
Ilé tí wọn ò ti gba ìyá wọlé, kí lọmọ ń wá débẹ̀?
Mọ́kànlá ṣẹ́ mẹ́jọ kù, mẹ́tàlá náà ṣẹ́ mẹ́jọ kù
bí ìbejì tó jọ ń wọ bàtà kan.
Mọ́kàndínlógún fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Ó ku méjì, méjì péré!
Mo ṣe háà, bí ẹni tí ẹja já mọ́ lọ́wọ́ létí Ògùn.
Mẹ́tàlélógún. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ibẹ̀ ni mo dúró sí,
torí méjìlélọ́gbọ̀n lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n ti ré e kọjá:
olè tí o kò bá nínú ilé títí dé yàrá yẹn,
má wulẹ̀ wá a lọ sẹ́yìn ọgbà.

Òun àti ọ̀kan nìkan ló ń gbé.
Bí o bá fẹ́ kó gún láìkù,
àfi kí o tò ó ní ìlà kan ṣoṣo
láti ẹnu géètì wa lọ sọ́nà Láfẹ́ńwá,
tóóró, bí eèrà tó ń ṣílé.

Bàbá, ṣé o mọ̀ ni?
Ìwọ tí o kò kàwé kọjá ìwé kẹfà?
Àbí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ kàn sinmi sí?

Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kan kí n tó rí i.
Méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́nà méjìdínlọ́gbọ̀n,
igun mẹ́rin, ó pé.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pé.
Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.
Mo wá ọ̀nà mìíràn tó tún lè gbà dá méjì báyìí,
kò sí. Ọ̀kan náà ni.

Mo sáré lọ jí Ṣíjúadé.
Ó nu ojú, ó tẹjú mọ́ ohun tí mo yà sílẹ̀,
ńlá àti kékeré, ṣọ́ọ̀kì funfun nínú ìrì.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní, "Ta ló ni èyí kékeré?"